Mo Wá Pánṣẹ́kẹ́ Lọ sí Abẹ́òkúta

Ojú ọjọ́ ṣú láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò ní Ọ̀fà. Ìkùukùu dúdú ti gbára jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn láti ìdájí, atẹ́gùn sì ń gbé eruku àti òórùn ilẹ̀ tútù wá láti ibi tí òjò ti rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀kán omi kan kò tíì kán. Àwọn ewúrẹ́ ti sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Mo ń fi aṣọ di kámẹ́rà nígbà tí ìyáálé mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ojú ọjọ́ ló ṣú ni, àbí ojú mi?"

Mo ní, "Ojú ọjọ́ ni, Ìyá Ẹ̀gbá. Òjò ń bọ̀."

Ó ní, "Alihamudulilahi. Mo rò pé ọjọ́ náà ti pé ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí ni ìyá arúgbó gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ wá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìwé mi kò pọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ bá mi fara mọ́ ọn.

Ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta ni ìyáálé mi. Níbẹ̀ ni ọkọ wa ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, níbẹ̀ ló ti rí i, tó sì gbé e wá sí Ọ̀fà. Èmi ni ìyàwó kejì. Ọkọ wa kọ́ mi bí a ti ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, nígbà tó sì kú, èmi ni mo di ṣọ́ọ̀bù mú. Ìyáálé mi ló ń bá mi gbọ́ ti àwọn ọmọ, tèmi àti tirẹ̀, títí àwọn náà fi di ọlọ́mọ. Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé báwo ni orogún méjì ṣe ń gbé láìjà nínú ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ló pọ̀, kò sáyè.

Ó ti tó ọdún kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀kan ti lọ tán. Dókítà yẹ èkejì wò, ó ní ìyẹn náà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyáálé mi kò sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó pè mí.

"Ìyàwó, òjò àkọ́rọ̀ á ti máa rọ̀ nílé wa báyìí. Gbogbo nǹkan á ti máa tanná. Lọ bá mi yà wọ́n wá, kí n fi ojú tó kù yìí wò wọ́n."

Ó wá ń dárúkọ wọn bí ẹni ń ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Tannápòṣó tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Oṣíbàtà ojú odò. Òdòdó pupa kan tó máa ń yọ láti inú ilẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, kó tó yọ ewé rárá. Èyí tó wá lékè gbogbo wọn ni pánṣẹ́kẹ́ tó wà lágbàlá bàbá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí pupa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní igi yẹn kan náà wà lẹ́bàá iléèwé wa níbí, pé a kàn ń pè é ní igi òdòdó ni.

Ó ní, "Ìyá ẹni àti ìyá ẹlòmíì, ṣé ọ̀kan ni?"

Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wọ mọ́tò mọ́. Bí èmi ṣe lọ nìyẹn. Fíìmù dúdú-àti-funfun là ń lò ní ṣọ́ọ̀bù wa, ṣùgbọ́n kí ni funfun-àti-dúdú mọ̀ nípa pupa? Ní Ìbàdàn ni mo ti ra fíìmù aláwọ̀, ẹyọ kan péré. Mo fi í sínú àyà mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ìlú tó gbàgbé igi rẹ̀

Bí mọ́tò wa ti ń sún mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àpáta ló ń wo wá. Òmíràn tóbi bí ilé, òmíràn jókòó sáàárín oko ẹ̀gẹ́ bí àgbàlagbà tí kò sẹ́ni tó lè ní kó dìde. Nígbà tí a gun òkè kan tí mo rí Abẹ́òkúta, ó dà bí ẹni pé wọ́n kọ́kọ́ da òkúta sílẹ̀ kí àwọn ilé tó wá wá àyè jókòó sáàárín wọn. Páànù orí ilé ti pọ́n, ó pọ́n láti ibí lọ dé ọ̀hún. Mo ní ìyáálé mi kò parọ́, pupa pọ̀ nílé wọn.

Awakọ̀ bi mí pé, "Màmá, ibo lẹ ti máa sọ̀?"

Òwu ni ó yẹ kí n sọ. Pánṣẹ́kẹ́ ló wà lọ́kàn mi, òun náà ló sì bọ́ sẹ́nu mi. Mo ní, "Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ń wá o, ọmọ mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Màá já yín sí Pánṣẹ́kẹ́ gan-an."

Mo gbàdúrà fún un. Mo ní nínú ara mi pé irú ìlú wo lèyí, tí awakọ̀ mọ igi tó wà lágbàlá onílé! Ó já mi sí oríta kan tí takisí kún bí eṣú. Mo gbójú sókè. Wáyà iná ni mo rí.

Obìnrin kan ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni pánṣẹ́kẹ́ wà?"

"Pánṣẹ́kẹ́ nìyí, Màmá."

"Níbo?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yìí."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo wo abẹ́ rẹ̀. "Èmi kò rí i."

"Kí lẹ fẹ́ rí?"

"Pánṣẹ́kẹ́ náà. Ó ga, orí rẹ̀ sì pupa."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà. "Ìyá Múrí, ẹ gbà mí o! Màmá yìí ní Pánṣẹ́kẹ́ ga, orí rẹ̀ sì pupa."

Ìyá Múrí wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, "Bóyá orúkọ ọkọ wọn ni."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ó pa èmi náà. Bàbá kan tó ń rán bàtà nítòsí ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní, "Igi ni màmá ń wí! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí lẹ rò pé ó sọ ibí yìí ní Pánṣẹ́kẹ́? Igi ni. Igi ti lọ, orúkọ rẹ̀ là ń wọ mọ́tò wá sí."

Ọlọ́sàn ti bó ọsàn méjì sí mi lọ́wọ́. "Ẹ mu, ọ̀nà ti gbẹ yín lọ́fun. Níbo lẹ ti wá?"

"Ọ̀fà."

"Yéè! Ọmọ oníjàkadì! Ẹ má bá wa jà o, Màmá, a máa bá yín wá igi yín."

Wọ́n fi mí sínú takisí tó ń lọ sí Òwu, wọ́n sì kìlọ̀ fún awakọ̀ títí ó fi bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé àwọn Ẹ̀gbá ní yẹ̀yẹ́ lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì í dúró bí ẹnu wọn bá ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń bá ọ gbé ẹrù.

Láfún àti kùkùté

Àbúrò ìyáálé mi, Àlàájà Mọ̀ríámọ̀, ló ń gbé ilé bàbá wọn. Abọ́ tánganran ló ń tà, wọ́n tò ó dé àjà, òdòdó ló sì wà lára gbogbo wọn. Bó ti gbọ́ pé èmi ni orogún ẹ̀gbọ́n òun láti Ọ̀fà, ó fi oníbàárà sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀! Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ wọlé, ẹ má dúró, ẹ wọlé!"

Ó kí mi ní ẹnu ọ̀nà, ó tún kí mi nínú yàrá bí ẹni pé a kò tíì ríra. Omi dé, oúnjẹ dé. Nǹkan funfun ni wọ́n gbé wá. Mo rò pé iyán ni, mo fi ọwọ́ bù ú bí ẹni ń bu iyán, ó yọ̀ bọ́ padà sínú ọbẹ̀, ó ta sí mi láṣọ.

Àlàájà ní, "Ìyá Fọ́tò, láfún ni. Ẹ má fi agbára mú un. Ẹ tàn án."

Mo tàn án. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú ẹja tútù láti odò Ògùn. Títí di òní, tí mo bá ń ro èlùbọ́ wa dúdú, mo máa ń rántí rẹ̀.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo ní kó fi pánṣẹ́kẹ́ hàn mí. Ó kọ́kọ́ kó àwo oúnjẹ jọ. Mo rò pé kò gbọ́. Ó dìde, ó mú mi lọ sí àgbàlá. Kùkùté kan ló wà níbẹ̀, wọ́n kó abọ́ tó ti fọ́ lé e lórí.

"Ẹ̀ka rẹ̀ wó lu òrùlé," ó ní. "Àwọn ọmọ ní ká gé e kó tó pa èèyàn. A ò ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn igi yẹn ju àwa tí a jọ sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ."

Mo jókòó sórí kùkùté náà. Ó rẹ̀ mí lójijì.

Àlàájà wá fà mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Pánṣẹ́kẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó dára ju tiwa lọ. Ẹ yà á, ẹ ní tiwa ni. Ojú rẹ̀ kò ní mọ̀."

Mo ní, "Ojú rẹ̀ lè má mọ̀, Àlàájà. Ẹnu tèmi tó máa sọ ọ́ ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe. Mo ti bá ẹni tí kò ní aago yá aago wọ̀ rí, mo ti mú ẹni tí kò lọ Mẹ́kà jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n ya Mẹ́kà sí. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àwọn tó kù ná, pé kí a jọ máa rò ó.

Fọ́tò tí kò ní èèyàn

Tannápòṣó wà lẹ́yìn ilé bó ti wà. Mo lọ bá a láàárọ̀, ó ti pa ojú dé. Àlàájà rẹ́rìn-ín mi. Ó ní, "Alẹ́ ni tirẹ̀! Ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni? Ẹ ní kó tan iná nígbà tí oòrùn wà lókè!" Bí oòrùn ti ń wọ̀ lọ ló ń ṣí, pupa, òféfèé, òmíràn apá kan pupa apá kan òféfèé, tó ń ta sánsán. Ìmọ́lẹ̀ kò tó fún kámẹ́rà mọ́. Àwọn obìnrin inú ilé gbé àtùpà jáde láti yàrá wọn, oníkálukú ń na tirẹ̀ sí òdòdó. Mo yà á, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ wọn wọ inú rẹ̀.

Ọwọ́ yìí ló di ẹjọ́ mi ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kò sẹ́ni tó gbà pé a lè fi fíìmù ya òdòdó lásán. Níbi omi kan lẹ́bàá odò, oṣíbàtà funfun tẹ́ lójú omi, mo gbé kámẹ́rà sókè, bàbá apẹja kan wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àárín wọn ó sì gbé àyà.

Mo ní, "Bàbá, òdòdó ni mo fẹ́ yà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló wá máa wà nínú rẹ̀?"

"Kò sẹ́nìkan."

Ó wò mí títí. "Ìyá, ṣé a sọ̀rọ̀ tó dùn yín ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wà á kúrò. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ìyá kan wá láti òkè tí kò fẹ́ rí ojú èèyàn.

Mo lọ sí ìhà Kọ́bapẹ́ tọ òdòdó tó rí bíi bọ́ọ̀lù. Ó wà nínú oko ẹ̀gẹ́ kan, ó pupa fòò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Obìnrin tó ni oko náà ti ro gbogbo koríko, ó sì fi ọkọ́ yí i po láìkàn án. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Ó wá kí òjò ni. Tó bá kí i tán, á lọ fúnra rẹ̀." Ó fún mi ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́ títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lójú ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti rí patanmọ́ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ kéékèèké bí òwú. Àṣà ni tèmi, bí mo bá fẹ́ ya èèyàn, mo máa ń tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Mo na ọwọ́ láti tún ewé rẹ̀ ṣe. Gbogbo rẹ̀ pa dé mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jókòó sílẹ̀ títí inú rẹ̀ fi yọ́ sí mi.

Ilé oníṣàngó

Nígbà tí mo padà sí Òwu, obìnrin kan ń wọn láfún sínú igbá Àlàájà. Ìyá Bánkẹ́ ni wọ́n ń pè é, láti abúlé kan lẹ́yìn Ọdẹdá. Ó gbọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ kùkùté, ó dá ọwọ́ dúró.

"Igi Àlùfáà bàbá yín lẹ ń wá? Ọmọ rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó débẹ̀ ṣe ìyàwó. Ó ti tanná báyìí, ó ń dẹ́rù bani."

Àlàájà dìde dúró, òṣùwọ̀n láfún dà nù.

Ọjọ́ kejì ni a débẹ̀, Àlàájà gbé báàgì ńlá kan dání. Oníṣàngó ni ọkọ Ìyá Bánkẹ́, Baba Ṣàngódélé, àgbà tó ń dirun. Igi náà bo gbogbo iwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ya ìyàwó tuntun, mo ti ya ọba rí. N kò rí ohun tó pupa tó bẹ́ẹ̀ rí. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, ojú ọ̀run mọ́. Mo yọ kámẹ́rà nínú aṣọ.

Àlàájà kígbe. "Ẹ dúró! Fọ́tò tó máa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ̀fà, ṣé bí mo ṣe rí yìí ló máa bá mi? Ẹ jẹ́ n múra!"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n ya igi nìkan ná, Àlàájà."

Baba ní, "Igi nìkan kẹ̀? Igi tó jẹ́ pé bàbá mi ló gbìn ín? Èmi náà ń múra." Ó ti wọlé.

Ìyá Bánkẹ́ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àlejò kì í ṣiṣẹ́ nílé wa kó tó jẹun."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nílé tiwa náà, ta ni wọ́n ń ya ní fọ́tò láìmúra? Mo jókòó, mo jẹun. Baba ń sọ ìtàn láti inú yàrá bó ti ń wá ẹ̀wù. Ó ní bàbá Àlàájà máa ń wá ra obì lọ́wọ́ bàbá òun. Lọ́dún kan ó mú èso pánṣẹ́kẹ́ gbígbẹ wá, èyí tó gùn bí àkọ̀ àdá, ó ń mì ín bó ti ń bọ̀, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bàbá òun ní, "Àlùfáà, ìgbà wo lẹ di oníṣàngó tí ẹ ń lu ṣẹ́rẹ́?" Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun kò lu ṣẹ́rẹ́, igi ló ń lù ú. Ó fi èso náà sílẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́.

Ìtàn náà dùn. Àlàájà wọ léèsì, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún wọ òmíràn. Ó ń wé gèlè, ó ń tú u. Èmi ń wo ilẹ̀kùn. Oòrùn tó wà lójú ilẹ̀ kúrò. Mo rò pé ewúrẹ́ kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìkùukùu ni.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Mo sáré jáde pẹ̀lú kámẹ́rà, òjò lé mi padà wọlé. Àrá sán. Baba ní, "Kábíyèsí!" Àlàájà ní, "Lá ìláàha ìlá Lọ́ọ̀!" Èmi di kámẹ́rà mọ́ àyà. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo òdòdó, wọ́n ń já lọ́wọ̀ọ̀wọ́, omi ń gbé wọn lọ. Lọ́kàn mi, mo rí ìyáálé mi lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi mí pé kí ni mo yà wá.

Àlàájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó wé dé ìdajì. Ó ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi, pẹ̀lú ojú ayé mi."

Baba ní, "Ẹ má sunkún. Ẹni tó ń kọjá lókè yìí kò jí nǹkan ẹnìkan rí tí kò fi nǹkan rọ́pò rẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. A sun ibẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, òjò ti dá. Mo ṣílẹ̀kùn. N kò lè gbé ẹsẹ̀ síta, nítorí kò síbi tí màá tẹ̀. Gbogbo iwájú ilé pupa. Òrùlé ilé adìyẹ pupa, ọlọ lórí ìdúró rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn ewúrẹ́ tó sùn síta pupa. Lórí igi, díẹ̀ ló kù, omi sì ń kán lára wọn. Àwọn èso ọdún tó kọjá ṣì rọ̀ sáàárín wọn, atẹ́gùn díẹ̀ ń mì wọ́n.

Ẹnìkan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Àlàájà ni. Aṣọ àmúsùn ló ró, orí rẹ̀ wà ní òfìfo, irun funfun. Kò wo kámẹ́rà, kò wo èmi. Ó ká etí ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òdòdó sínú rẹ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Báyìí la máa ń ṣe. Èmi àti Sàrátù ẹ̀gbọ́n mi. Báyìí náà la máa ń ṣe."

Mo yà á. N kò ní kó dúró, n kò tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Mo ń yà á lọ títí kámẹ́rà fi kọ̀ láti yí mọ́. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó figbe ta, ó bo orí. Ó ti pẹ́ jù.

Baba ká èso méjì fún mi nígbà tí mo ń lọ. Ìyá Bánkẹ́ di láfún sí mi lẹ́rù. Mo ní kí wọ́n má bínú pé fíìmù tán kí n tó ya àwọn náà. Wọ́n ní nígbà mìíràn tí mo bá wá, pé àwọn á ti múra.

Ẹnu ọ̀nà

Ìbàdàn ni wọ́n ti fọ fíìmù náà, mo sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi kó wọn fún mi. N kò yọ wọ́n wò nínú mọ́tò. Nígbà tí mo dé ilé, mo gbé ìjókòó ìyáálé mi sínú oòrùn, mo sì ń fi wọ́n lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń gbé wọn sún mọ́ ojú tó kù náà títí wọ́n fi ń fara kan imú rẹ̀.

Ó rí oṣíbàtà, ó ní, "Funfun." Ó rí tannápòṣó, ó ní, "Ọwọ́ àwọn wo nìyí?" Mo ní ọwọ́ àwọn ará ilé wọn ni. Ó ń ka ìka wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kan ti Àlàájà. Ó yí ìyẹn síhà oòrùn.

"Ta ni ìyá arúgbó yìí?"

"Mọ̀ríámọ̀ ni."

"Mọ̀ríámọ̀! Láìwé gèlè!" Ẹ̀rín pa á títí ó fi di ọwọ́ mi mú. Ó tún gbé e sójú. "Pánṣẹ́kẹ́ nìyí. Ìyàwó, mo rí i. Mo rí pupa rẹ̀."

Mo lè dákẹ́. Ọlọ́hun mọ̀ pé mo lè dákẹ́. Mo ní, "Ìyá Ẹ̀gbá, ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n ti gé ìyá. Abúlé kan lẹ́yìn Ọdẹdá ni mo ti ya èyí." Mo sọ ti Àlùfáà àti ti oníṣàngó fún un, mo sì fi èso kan sí i lọ́wọ́.

Ó fọwọ́ pa á lára láti orí dé ìdí. Ó mi èso náà. Ó dún.

Ó ní, "Ó tó kí wọ́n gé e. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni ẹ̀ka rẹ̀ ti ń wó lu òrùlé. Bàbá mi a máa halẹ̀ pé lọ́la lòun ó gé e, lọ́la, lọ́la." Ó tún mì ín. "Oníṣàngó kẹ̀! Bàbá mi!"

Fọ́tò yẹn kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi lọ sùn. Kó tó wọlé, ó ní, "Mọ̀ríámọ̀ á fẹ́ rí èmi náà. Lọ́la, ya èmi náà ránṣẹ́ sí i."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àga síta níbi tí oòrùn dára sí. Fíìmù aláwọ̀ ti tán. Dúdú-àti-funfun ni mo fi sínú kámẹ́rà. Mo pè é. Ó dáhùn láti inú yàrá pé òun ń múra. Mo gbọ́ tó ń ṣí àpótí, mo gbọ́ tó ń fọwọ́ wá aṣọ, tó ń gbọn ọ̀kan, tó ń dá a padà, tó ń wá òmíràn. Oòrùn kúrò lára àga. Mo gbé àga tẹ̀ lé e. Ó tún kúrò, mo tún gbé e.

Ó ké sí mi láti inú ilé. "Ìyàwó, ṣé ojú ọjọ́ kò tíì ṣú?"

Mo wo òkè. Mo ní, "Ó mọ́ kedere, Ìyá Ẹ̀gbá. Ẹ fara balẹ̀ wé gèlè yín dáadáa."

Mo gbé kámẹ́rà lé itan, mo ń dúró dè é.